Nígbà Tí Orúkọ Ṣókí Di Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kejì

Ooru mú bí ẹni pé wọ́n gbàgbé wa sínú ààrò. Fáànù kíláàsì ń yí, ṣùgbọ́n ariwo nìkan ló ń fẹ́ sí wa lára. Mo ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Mo kọ pẹja sójú pátákó, mo fi a síwájú rẹ̀, ó di apẹja. Mo kọ kọ̀wé, ó di akọ̀wé. Mo ní, "Ẹ wò ó, ohun tí ènìyàn ń ṣe ti di ohun tí ènìyàn jẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló gbé e kọjá." Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi, mo tún un sọ.

Ìgbà náà ni aago kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìyẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Mo ní kí ẹni tó ni ín pa á. Aago ń ké lọ. Ọmọ kan níwájú ní, "Màmá Gírámà, inú báàgì Ṣókí ni."

Mo rò pé fóònù mi àtijọ́ ni ọmọ mi gbé wá sílé-ìwé, mo sì ti ń to ìbáwí rẹ̀ lẹ́nu bí mo ṣe ń lọ síbẹ̀. Mo ṣí báàgì tí mo fi owó mi rà. Aago ọwọ́ ni mo bá níbẹ̀, ó ń tan iná aláwọ̀ ewé. Kí n tó lanu, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ti dìde lórí ìjókòó rẹ̀. "Aago mi tó sọnù nìyẹn, Mà."

Gbogbo kíláàsì wo Ṣókí, lẹ́yìn náà wọ́n wo èmi. Ọmọ mi ń wo tábìlì. Mo dá aago padà fún ẹni tó ni ín, mo padà síwájú pátákó, mo parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. N kò mọ ohun tí mo kọ́ wọn.

Ọjọ́rú, 8

"Kí ló dé tó o fi mú un?"

"Ó wù mí ni."

"Ṣé ọmọ yẹn ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Ṣé ẹnì kan ló rán ọ?"

"Rárá. Ó wù mí ni."

Ìdí kan tí mo lè gbé jáde síta ni mò ń wá. Kò sí. Ohun tó tún wá ń dùn mí ni pé gbólóhùn rẹ̀ gún régé. Aago ni olùwà, òun ni àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ṣe rí: ojú ń tì mí, ebi ń pa mí, aago wù mí. Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan, nǹkan ló ń ṣe gbogbo wa. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó gbé ara rẹ̀ síwájú gbólóhùn náà. Mo kàn ní kó lọ jẹun.

Bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fá ẹsẹ̀ tábìlì kan títí ẹsẹ̀ tábìlì náà fi tín-ín-rín ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá dàrán borí..."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gé òwe náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìparí rẹ̀? Aṣọ olè tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ bò wá mọ́lẹ̀ títí a fi jẹun tán.

Ẹtì, 10

Ìgbìmọ̀ ìbáwí jókòó. Ọmọ ìgbìmọ̀ ni mí láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n lónìí wọ́n ní kí n jókòó síta pẹ̀lú àwọn òbí. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àga tí a ń fi àwọn òbí jókòó lé le tó bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde. "Ẹ dìde, Mà. Ọmọ lọmọ ń jẹ́." Nígbà tó jókòó tán, ó ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò gbádùn ara ẹ̀ látọjọ́ yẹn o. Gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń fura sí. Ó ní òun ò tiẹ̀ fura sí Ṣókí rárá."

Ilẹ̀kùn yàrá ìgbìmọ̀ kò tì dáadáa. Mo gbọ́ Tíṣà Ìṣirò: "Olè ni, Mà. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ ẹ̀."

Ọ̀gá àgbà ní, "Ó jalè. Kò wá sọ ọ́ di olè."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

Díẹ̀ ló kù kí n wọlé lọ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ní àkókò tirẹ̀: ènìyàn ṣe é, ó tán. Ọ̀rọ̀-orúkọ kì í tán, ńṣe ló máa ń jókòó síni lórí. Mo ti fẹ́ dìde kí n tó rántí pé òtítọ́ kò dúró síbẹ̀. Bí a bá tú jalè palẹ̀, olè wà níkùn rẹ̀, ó ká gúlútú síbẹ̀ látilẹ̀. Ènìyàn kò lè jalè lédè wa kó má ru olè dání. Jí nìkan ló mọ́. Bí ẹnì kan bá jí nǹkan, nǹkan náà ló jí, kò sí ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìdájọ́ wọn ni pé kó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá padà, kó dúró níwájú kíláàsì bẹ ọmọ nọ́ọ̀sì. Bí nǹkan mìíràn bá tún sọnù, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà, kó wá ilé-ìwé mìíràn.

Ajé, 13

Bébà ti wọ́n sí i. Ọ̀gá àgbà ní kí olúkúlùkù tẹ ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ sójú ewé kan ṣoṣo. Ṣókí wà nílé pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Mo rin ọ̀nà ilé-ìwé ní èmi nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo wọ kíláàsì, mo bá a lójú pátákó gàdàgbà: ỌMỌ OLÈ. Gbogbo wọn ń wo ohun tí mo máa ṣe.

Ọwọ́ mi ti mú ṣọ́ọ̀kì kí orí mi tó sọ fún un. Mo fẹ́ tún un ṣe. Olè ọmọ ni ọmọ tó ń jí nǹkan. Ọmọ olè, ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ lolè. Ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni, èyí tó bá wà lẹ́yìn ló ń sọ irú èyí tó wà níwájú. Bí èyí tí wọ́n kọ yìí bá tọ̀nà, èmi ni wọ́n ń bá wí.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mo sì rò ó pé bóyá èmi náà ni lóòótọ́. Mo nù ún kúrò. Mo kọ déètì. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.

Àìkú, 19

Èmi àti Ṣókí ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ dánra wò ní pálọ̀.

"Má bínú. Mo mú aago rẹ."

"Mú kọ́. Mo mú omi, mo mú bírò mi, ìyẹn ni mú."

"Mo gbé aago rẹ."

"Gbé kọ́."

"Aago rẹ wá sọ́wọ́ mi."

"Ṣé ó ní ẹsẹ̀ ni?"

Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó wo ògiri, ó ní, "Mo jí aago rẹ." Ohùn rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó gbé ohùn sókè.

Ìyá Àgbà ti yàrá rẹ̀ fọhùn: "Ìyá Ṣókí, ṣé ọmọ lò ń kọ́ ni àbí ò ń nà án?"

Mo ní mò ń kọ́ ọ ni. N kò dá ara mi lójú.

Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé jí tá a fi ń jí láàárọ̀ náà ni?"

"Wọ́n kàn jọra ni. Ọ̀tọ̀ lèyí, ọ̀tọ̀ nìyẹn."

"Ìyẹn dáa," ló wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 23

Mo ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì wọn lákòókò ìsinmi. Ọmọ kan wà lábẹ́ tábìlì, ó ń wá nǹkan. Ó ní, "Wọ́n ti ṣókí bírò mi o."

Èkejì rẹ̀ ní, "Ìwọ náà lọ ṣókí tẹlòmíì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkanra nínú ẹ̀rín wọn, ẹ̀rín ọmọdé lásán ni, òun ló sì dẹ́rù bà mí jù.

Ẹsẹ̀ mi dúró. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ó gba àbọ̀, ó tẹ̀lé ti, kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run forí jì mí, ẹ̀yìn ìyẹn ni àyà mi tó já.

Orúkọ tí Ìyá Àgbà fún un ni o. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé láti ilé ìwòsàn, kò ju odindi búrẹ́dì lọ. Ìyá Àgbà gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ẹ wò ó, ní ṣókí ni Ọlọ́run sọ èyí fún wa." Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Ṣókí. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe bí nǹkan ṣe kéré la sọ di ènìyàn. Wọ́n ti wá mú ènìyàn náà, wọ́n sọ ọ́ di olè jíjà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ajé, 27

Ó padà lónìí. Èmi ni mo níṣẹ́ ní kíláàsì wọn lákòókò náà, nítorí náà ojú mi ló ṣe é. Ó dúró níwájú. Ó ní, "Mo jí aago rẹ. Má bínú." Gbogbo rẹ̀ jáde pé pérépéré. Ọmọ nọ́ọ̀sì ní, "Mo ti gbọ́." Kò fi nǹkan kan kún un. Ṣókí lọ jókòó sórí àga ẹ̀yìn, níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń bá a jókòó mọ́.

Ọjọ́rú, 1 oṣù kẹta

Ó délé, kò bọ́ bàtà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní Ṣókí mọ́."

Mo bi í kí ló ṣẹlẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan míì nílé-ìwé. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, mo máa ń yíjú. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń pè. Tí mo bá wá yíjú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín." Kò sunkún. Ìbá sàn kó sunkún. "Ẹ máa pe orúkọ ìwé mi."

Ìyá Àgbà ní, "Orúkọ tí mo fún ọ ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ti gbà á."

Ìyá arúgbó náà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, ó dúró lójú ọgbà, ó fẹ́ pè mí. Ó ní, "Ìyá..." Ó dákẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí ó ti ń pè mí ní Ìyá Ṣókí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, oníbàárà rẹ̀, gbogbo àdúgbò, Bàbá Ṣókí ni wọ́n ń pè é. Ó wá ní, "Ìwọ, ṣé omi wà?" Bí ẹni tó ń bá ará ọjà sọ̀rọ̀.

Ẹtì, 3

Ọ̀gá àgbà gbọ́, inú bí i. Níbi ìpéjọ àárọ̀ ó kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá tún lo "ọ̀rọ̀ burúkú yẹn" yóò gé koríko. Kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo àwọn kékeré tí wọn kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé, "Ọ̀rọ̀ wo?" Kó tó di àkókò ìsinmi, kò sí ọmọ kan ní apá àwọn kékeré tí kò mọ̀ ọ́n. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ní ọ̀sán, nínú yàrá àwọn olùkọ́, Tíṣà Ìṣirò ń wá ife rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Ta ló tún ṣókí ife mi báyìí?" Ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó rí mi.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ó yọ lẹ́nu mi ni."

Ó yọ. Òun kọ́ ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ló yọ. Àwọn kan máa ń fi gírámà sá àsálà láìmọ̀. Ó ra bisikíìtì wá bẹ̀ mí nígbà tó yá. Mo jẹ ẹ́, nítorí ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n n kò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 8

Òjò àkọ́rọ̀. Òrùlé pálọ̀ ń jò sórí àga gígùn, a fi abọ́ gbà á. Mo pe orúkọ ìwé ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Òun náà kò ì tíì mọ̀ pé òun ni.

Ìṣẹ́gun, 14

Mo ń máàkì ìdánwò. Ìbéèrè kẹta: Fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ márùn-ún. Apẹja àti akọ̀wé pọ̀ bí èèrà, nítorí èmi ni mo fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan kọ a + tíṣà = atíṣà. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù tó kọjá.

Mo wá ṣí ìwé kan, mo rí i: a + ṣókí = aṣókí. Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ṣí òmíràn, ó tún wà níbẹ̀. Nínú ìwé kẹta, n kò nílò láti wo orúkọ. Mo mọ ọwọ́ náà. Ìrù j rẹ̀ ká kò bí mo ṣe kọ́ ọ lórí tábìlì ilé ìdáná kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Apẹja, akọrin, adájọ́, aránṣọ. Èkarùn-ún: aṣókí, ẹni tó máa ń ṣókí nǹkan.

Mo wò ó títí ojú mi fi ṣú. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ṣókí ní ilé-ìwé yìí, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe sì lè gba a síwájú. Òfin ni, òfin kò mọ ọmọ ẹni. Mo fún un ní máàkì. Mo fún àwọn méjì yòókù náà. Omi ojú mi kán sórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ, mo sì fi etí aṣọ nù ún.

Nígbà tí a ń fọ abọ́, ó ní, "Ẹ ti rí tèmi?"

"Mo ti rí i."

"Mélòó?"

"Márùn-ún nínú márùn-ún."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní lè fagi lé e." Ó ń fọ abọ́ kan tó ti mọ́ tipẹ́. "Mo mọ̀ pé wọ́n máa kọ ọ́. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ fúnra mi."

Mi ò mọ ibi tó ti rí irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe lára mi.

Ọjọ́bọ̀, 16

Kọ́ńpáàsì ọmọ kan di àwátì. Tíṣà Ìṣirò kò ì tíì sọ ohunkóhun tí gbogbo ojú fi yí sí àga ẹ̀yìn. Wọ́n tú báàgì rẹ̀ ṣáájú ti ẹnikẹ́ni. Ìwé, ike omi, súwẹ́tà. Wọ́n rí kọ́ńpáàsì náà nínú àpò ẹni tó ni ín gan-an, ibi tó ti yọ́ wọ inú aṣọ àpò. Wọ́n ní, "Oò, ó ti rí i." Kò sẹ́ni tó sọ fún Ṣókí pé kó má bínú.

Mo gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu ọmọ nọ́ọ̀sì. Òun ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́, ó ń fi ọwọ́ yí aago rẹ̀. "Mà, kì í ṣe òun. Mo ní kí ẹ mọ̀ ni." Kí n tó dúpẹ́ ó ti sá lọ.

Mo kọ orúkọ rẹ̀ bí Ṣókí lókè yìí. Ìwé mi ni, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ.

Àbámẹ́ta, 18

Bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ó ti lọ bá ilé-ìwé kan ní òdìkejì ìlú sọ̀rọ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan mọ ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n ní kó mú un wá lẹ́yìn ìsinmi.

"Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n," ló wí. "Á kàn bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

"Pẹ̀lú orúkọ wo?"

"Orúkọ ìwé ẹ̀. Ṣebí orúkọ ni."

"Bí ẹnì kan láti ibí bá wá síbẹ̀ ńkọ́?"

Ó fi òòlù lélẹ̀. "Kí lo fẹ́ ká ṣe? Ká máa wò ó? Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń kọjá lẹ́yìn ọgbà yìí, wọ́n ń ṣókí oríṣiríṣi. Àwọn ọmọ tí mo bá bàbá wọn kan bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ, o lè jókòó, kó o máa wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà. Èmi, ọmọ mi ni."

Mo ní ọmọ tèmi náà ni. Mo sọ ọ́ kíkan. Ìyá Àgbà jáde sí wa, ó ní bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún wa wá dà?

Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nípa mi wọ̀ mí lára. Lóòótọ́ ni mò ń wo ọ̀rọ̀ náà. N kò mọ ọ̀nà mìíràn láti fi bẹ̀rù nǹkan.

Ìṣẹ́gun, 21

A sọ fún un nípa ilé-ìwé tuntun. Ó ní kí a fún òun di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹtì, 24

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí oúnjẹ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ó ní, "Ọmọ kékeré kan dì mí láṣọ mú lẹ́yìn ìpéjọ. Láti kíláàsì àwọn kékeré. Ó ń sunkún. Ó ní, 'Àǹtí, wọ́n ṣókí rúlà mi, ẹ bá mi wá a.'"

Bàbá rẹ̀ dá ṣíbí dúró.

"Kí lo wá ṣe?" ni mo bi í.

"Mo bá a wá a. Abẹ́ àga rẹ̀ ló wà." Ó bu omi mu. "Mo wá bi í pé, 'Ṣé o mọ Ṣókí?' Ó ní, 'Mo mọ̀ ọ́n o, kéèyàn mú nǹkan oní-nǹkan ni.' Mo ní, 'Ṣé kì í ṣe èèyàn?' Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó ní, 'Àǹtí, báwo ló ṣe máa jẹ́ èèyàn?'"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi òun. Ẹ̀rín rẹ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni.

Bàbá rẹ̀ ní, "Orúkọ rẹ náà ni wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀."

"Tiwọn kì í ṣe orúkọ mi mọ́, Dádì. Kò tiẹ̀ mọ̀ mí. Tiwọn, lẹ́tà kékeré ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Tèmi, lẹ́tà ńlá." Ó yíjú sí mi bí ẹni tó ń dúró de máàkì. "Àbí, Mọ́mì?"

Nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́nu, kò sí lẹ́tà ńlá. Etí kò gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá kígbe rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé lọ́la, yóò tún yíjú, àyà rẹ̀ yóò tún já kó tó rántí. Mo mọ èyí dáadáa, òun náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́tà ńlá."

Ó ní, "Mi ò lọ sílé-ìwé míì." Ó sì ní kí wọ́n fi ọbẹ̀ kún tòun.

Ajé, 27

Òjò láti ìdájí. Abọ́ tó wà lórí àga gígùn kún, mo dà á nù.

Ìyá Àgbà dìde ṣáájú gbogbo wa. Mo gbọ́ tó ń wọ́ sálúbàtà lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ, mo gbọ́ tó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, ariwo iṣẹ́ bàbá rẹ̀ dá wọ́ọ́.

"Ṣókí, ṣé o ti jí?"

Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún.

"Mo ti jí, Màmá."

Lẹ́yìnkùlé, pákó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn bàbá rẹ̀ sì gba inú òjò wá: "Ìyá Ṣókí, omi gbígbóná dà?"

Mo ní mò ń bọ̀.